Àkàrà Òyìnbó Ọdún Nílé Àwọn Ìbejì

Ilé kan wà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tó jẹ́ pé imú ni àwọn ará àdúgbò fi ń mọ̀ pé ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ lásán, òórùn ògì àti àkàrà ni a ń gbọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù kejìlá bá ti kọjá ìdajì, òórùn bọ́tà, àgbọn àti èèpo ọsàn a gba ẹ̀yìnkùlé kan títí dé ojú títì. Àwọn ọmọdé a mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti gbé ìkòkò irin rẹ̀ jáde. Àkàrà òyìnbó, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní gató, ni ó fẹ́ yan.

Ìyá Àgbà kò ní ààrò bíi ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì tà. Ìkòkò ńlá ni ààrò rẹ̀. Yóò da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, kó nípọn tó ìka méjì, yóò sì gbé e ka iná èédú títí iyanrìn yóò fi gbóná. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé agolo tí ìyẹ̀fun pípò wà nínú rẹ̀ sórí iyanrìn, yóò fi ìdérí irin bò ó, yóò sì kó ẹyín iná lé orí ìdérí. Báyìí, iná wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, àkàrà wà láàárín. Iyanrìn kì í jẹ́ kí ìdí àkàrà jó, nítorí kì í gbóná lójijì bí irin, kì í sì í tètè tutù. Ẹyín iná orí ìdérí ló ń jẹ́ kí òkè rẹ̀ pọ́n. Ẹni tí kò bá fi iná sórí ìdérí yóò rí àkàrà tó jó nísàlẹ̀, tó sì rọ̀ lókè bí ẹ̀kọ.

Ohun tí wọ́n ń pò pọ̀ kò pọ̀: ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹyin, bọ́tà, ṣúgà, wàrà díẹ̀, àgbọn tí a rin, èèpo ọsàn tí a rin wẹ́wẹ́, àti ẹ̀tù funfun tó ń mú ìyẹ̀fun wú, tí wọ́n ń tà nínú àpò kékeré lórúkọ levure. Bí omi bá kan ẹ̀tù náà, tí ooru sì bá a, afẹ́fẹ́ a máa jáde nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń ti ìyẹ̀fun sókè. Ìdí nìyí tí Ìyá Àgbà kì í fi í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí ìdérí wò kí àkókò tó tó. Bí ooru bá sá jáde, àárín àkàrà a rì.

Àkàrà náà kì í ṣe ti ilé nìkan. Àwo a lọ sílé àwọn Mùsùlùmí tó wà ní òdìkejì títì, gẹ́gẹ́ bí àwo ẹran ṣe ń wá láti ọ̀dọ̀ wọn nígbà Iléyá. Àwo a lọ sílé àwọn Agudà, àwọn tí baba ńlá wọn padà láti Brazil. Àwọn yẹn kì í dá àwo padà lófìfo, pàápàá ní oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Bonfim wọn.

Kò sí ọmọ tí kì í níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kẹ́yìndé ló ń rin àgbọn. Ìdòwú, àbúrò wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń di ẹnu àpò ìyẹ̀fun mú, ó sì ń fi ìyẹ̀fun kun ojú ara rẹ̀. Táyé ló ń fọ́ ẹyin sínú igbá ọ̀tọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹyin kan tó ti bàjẹ́ má baà ba ìyókù jẹ́. Táyé náà ló sì kọ́kọ́ ń tọ́ àkàrà wò bó bá jinná. Orúkọ rẹ̀ ló mú iṣẹ́ yìí wá. Táyé ni ẹni tó tọ́ ayé wò, tí Kẹ́yìndé, ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́yìn, rán níṣẹ́ kó lọ wò bóyá ayé dùn. Nígbà tí àwọn ìbejì náà pé ọmọ ọdún mẹ́ta, Ìyá Àgbà bu àkàrà gbígbóná díẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fi í sí ọmọbìnrin náà lẹ́nu. Ó ní, “Ìwọ tó tọ́ ayé wò fún wa, tọ́ èyí náà wò.” Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ kan àkàrà ọdún kí Táyé tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwọn ìbejì náà báyìí, wọ́n sì jọ wà ní CM1.

Táyé ní àìsàn kan tí wọ́n bí mọ́ ọn. Nínú ìwé ìlera rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ lédè Faransé pé drépanocytose. Àwọn Yorùbá ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹni tó ní in lè wà nínú ìrora lónìí bí ẹni tí kò ní là á já, kó sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lọ́la. Orúkọ náà sọ ohun tí ojú ń rí lóde. Kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa wà tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n rí roboto, wọ́n sì rọ̀, débi pé wọ́n lè fún ara wọn kọjá nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ohun tó dára nínú afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí gbogbo ara. Nínú ara Táyé, bí omi bá dín, tí òtútù bá mú un, tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tó bá ṣe làálàá jù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a le, wọn a sì tẹ̀ bíi dòjé tí àgbẹ̀ fi ń gé ìrẹsì. Ohun tó le, tó sì tẹ̀, kò lè yọ́ kọjá níbi tó há. Wọn a dí ojú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, àyà tàbí ikùn. Ìrora náà le gan-an. Ọmọ tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan kíláàsì, tí kò dáhùn ìbéèrè, lè máa fara da ohun tí àgbàlagbà kò ní lè fara dà.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti Táyé kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ara rẹ̀ ń ṣe tuntun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í tó. Nítorí náà ló ṣe ń tètè rẹ̀ ẹ́, tí funfun ojú rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè nígbà mìíràn. Àìsàn náà kì í ràn. Kò sẹ́ni tó lè kó o nípa jíjókòó ti Táyé, tàbí nípa fífi ife rẹ̀ mu omi.

Àwọn ọmọ kíláàsì máa ń béèrè pé báwo ni ìbejì ṣe jáde nínú oyún kan, tí ọ̀kan ní àìsàn, tí èkejì kò ní. Ìbéèrè gidi ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín méjì tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ baba, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ìpín tó dára ni wọ́n ń pè ní A. Ìpín ti dòjé ni S. Bàbá Ìbejì ní A kan àti S kan. Ìyá Ìbejì náà rí bẹ́ẹ̀. A tó wà lára wọn ló jẹ́ kí ara wọn le, wọn kò sì mọ̀ pé S wà lára àwọn. Nígbàkigbà tí irú baba àti ìyá bẹ́ẹ̀ bá lóyún, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: A pẹ̀lú A, A pẹ̀lú S, S pẹ̀lú A, S pẹ̀lú S. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń mú àìsàn wá. Táyé jẹ́ obìnrin, Kẹ́yìndé jẹ́ ọkùnrin. Láti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, olúkúlùkù sì gba ìpín tirẹ̀. SS ni Táyé. AS ni Kẹ́yìndé, bíi bàbá àti ìyá wọn. Ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi níbẹ̀, nítorí kò sí òbí tó ń ṣa ìpín tí yóò fún ọmọ. Ohun tí òbí lè ṣe ni kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó ṣe ìgbéyàwó.

Ní ọdún 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago ní Amẹ́ríkà, tẹ̀wé jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Láti inú ìwé yẹn ni àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ nípa àìsàn náà. Àwọn ìyá nílẹ̀ Yorùbá ti ń sin ọmọ nítorí rẹ̀ kó tó di ìgbà náà.

Ìyá Àgbà wà lára irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló bí, méjì kú ní kékeré. Àwọn àgbà ìgbà náà ní àbíkú ni wọ́n, pé wọ́n ní ẹgbẹ́ lọ́run tó ń pè wọ́n. Ó sọ èkejì ní Dúrósinmí. Kò dúró. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò nígbà náà, àìsàn mìíràn bí ibà ẹ̀fọn àti éèyi sì ń pa ọmọ púpọ̀, tí a fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn Táyé fún ẹbí, Ìyá Àgbà gbọ́ títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ibi tó ti sọ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ tó ní àìsàn yìí máa ń wú, tó sì máa ń dùn ún, Ìyá Àgbà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Dúrósinmí ṣe rí.” Ó tún dákẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí à ń sọ yìí, Táyé sùn sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó ti dé ilé ni ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ kì í bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́: òwúrọ̀ a tutù, ọ̀sán a gbẹ, eruku a pọ̀, ara a sì máa pàdánù omi láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ìyá Ìbejì ro èyí, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi yíyan àkàrà sílẹ̀ lọ́dún yìí. Èéfín, òtútù, ìdúró pípẹ́, n kò fẹ́ kí ohunkóhun tún gbé e dùbúlẹ̀.”

Ìyá Àgbà ń ṣa èédú nígbà náà. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pa iná ọdún nítorí rẹ̀, yóò rò pé òun ló ba ọdún jẹ́ fún àwọn ìyókù. Ṣé èyí kò ní dùn ún ju òtútù lọ?”

Ìyá Ìbejì kò dáhùn. Kò sí ẹni tó ṣàṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Ìyá tó ń bẹ̀rù kò ṣẹ̀. Ìyá àgbà tó mọ̀ pé ọmọ tó ń ṣàìsàn náà fẹ́ ní ipò tirẹ̀ láàárín àwọn yòókù kò sì ṣẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn béèrè nílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ó ní kí Táyé ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà tún ọ̀nà iṣẹ́ náà ṣe. Irú ẹ̀kọ́ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní ọdún 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Cherif Rahimy àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí àìsàn yìí bá jà gidi. Wọ́n kọ́ àwọn òbí bí wọn yóò ṣe tọ́jú ọmọ nílé, wọ́n ń rí àwọn ọmọ náà déédéé, wọ́n ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ibà àti kòkòrò àrùn. Ara àwọn ọmọ náà sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń dàgbà dáadáa, ìdààmú wọn sì dín kù. Iṣẹ́ àwọn ìyá nílé wà nínú oògùn náà.

Nítorí náà, wọ́n yí ètò ọdún padà. Tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí, wọ́n dúró títí oòrùn fi gòkè, tí ara ilẹ̀ sì móoru. Wọ́n gbé àpótí Táyé sí ibi tí èéfín kò dé. Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ìgò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Kẹ́yìndé ló sì ń ṣọ́ ìgò náà: bí Táyé bá fọ́ ẹyin mẹ́ta, yóò mu omi. (Ìdòwú náà ń mu tirẹ̀, kò sì fọ́ ẹyin kankan.) Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi fọ igbá, nítorí omi tútù lè mú kí ọwọ́ Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò ní po ìyẹ̀fun, nítorí iṣẹ́ apá ni. Bó bá rẹ̀ ẹ́, yóò wọlé lọ sùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè é ní ọ̀lẹ.

Ìyàwó ẹbí kan tó wá kí wọn ní kí wọ́n má ṣe fún Táyé ní ṣúgà, nítorí “àìsàn inú ẹ̀jẹ̀”. Àìsàn mìíràn ló ń sọ, ìyẹn àtọ̀gbẹ. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè jẹ àkàrà òyìnbó bí ọmọ mìíràn ṣe ń jẹ ẹ́. Ohun tí ara rẹ̀ nílò lójoojúmọ́ ni ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́, èso àti omi púpọ̀, pẹ̀lú oògùn tí dókítà kọ fún un.

Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ni wọ́n dá iná. Ẹyin méjìlá ni Táyé fọ́, kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́. Agolo wọ inú ìkòkò, ẹyín iná gun orí ìdérí. Ìgbà náà ni Kẹ́yìndé rí i pé ìgò omi kò dín mọ́. Ó wo ojú Táyé. Táyé di apá rẹ̀ òsì mú, ó ń wo ilẹ̀.

Kẹ́yìndé ní, “Màámi, ẹ wá wo Táyé.”

Ìyá Ìbejì fún un ní omi, ó fún un ní oògùn ìrora tó wà nínú ìwé ìlera rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbóná bo apá rẹ̀. Ìrora nìkan, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ọwọ́ náà kò pẹ́ níbẹ̀. Ó mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, ó fi í sí i lábíyá. Ó fi 38,9 hàn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kò fi àyè sílẹ̀ rí: bí ara ọmọ tó ní àìsàn yìí bá gbóná ju 38 lọ, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ̀yà ara kan wà nínú ikùn tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú ọmọ tó ní àìsàn yìí, dòjé ti ba ẹ̀yà náà jẹ́ láti kékeré. Kòkòrò tí ara ọmọ mìíràn yóò ṣẹ́gun lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Kẹ́yìndé sáré lọ pe zẹ́mì. Ìyá Ìbejì kò pààrọ̀ aṣọ, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀. Ó fi aṣọ òtútù wé Táyé, ó gbé e sí àárín òun àti ọlọ́kadà, wọ́n lọ.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí tí Táyé dìde lórí rẹ̀. Kò wo ìkòkò mọ́. Kẹ́yìndé ló rántí iná. Kò yan àkàrà rí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wo Ìyá Àgbà láti kékeré. Ó fa ọ̀wọ̀ kan yọ nínú ìgbálẹ̀ tuntun, ó fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ di ìdérí mú, ó ṣí i, ó sì gún àárín àkàrà. Ọ̀wọ̀ náà jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun tútù lára. Ó dé e padà. Nígbà tó tún gún un, ọ̀wọ̀ jáde ní mímọ́, ó sì gbé agolo náà kúrò. Ẹ̀gbẹ́ kan ti dúdú, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n máa ń yí agolo láàárín.

Ìdòwú na ọwọ́. Kẹ́yìndé ní, “Má fọwọ́ kàn án. Táyé kò tíì tọ́ ọ wò.”

Ìdòwú bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà ní, “Gé díẹ̀ fún àbúrò rẹ, jàre.” Kẹ́yìndé kì í ja Ìyá Àgbà níyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, ó ní, “Ìyá Àgbà, ẹ dákun.” Ìyá Àgbà wò ó títí. Ó dìde, ó wá agolo ńlá tó ní ìdérí, ó gbé àkàrà náà sínú rẹ̀, ó sì fún Ìdòwú ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà gbọ́ àyà Táyé, ó ní kòkòrò àrùn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n fa omi àti oògùn sí i lára. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú agolo ràn án lọ́wọ́ láti mí. Bàbá Ìbejì ti Kútọnu dé ibẹ̀ lálẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò sùn. Òru náà gùn. Òru kejì dín díẹ̀. Ní àárọ̀ Kérésìmesì, ara rẹ̀ kò gbóná mọ́, ó sì béèrè bóyá àkàrà wú.

Ọjọ́ Kérésìmesì kọjá nílé láìgé àkàrà. Àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí ló gbé oúnjẹ wá, kò sì sí àwo kankan láti dá padà fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọn kò retí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26, Ìyá Àgbà, Kẹ́yìndé àti Ìdòwú lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú agolo náà. Nọ́ọ̀sì ní Táyé lè jẹ ẹ́. Kẹ́yìndé gé e, ó fún un. Táyé jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ṣúgà kò tó. Ẹ̀gbẹ́ kan sì jó.”

Kẹ́yìndé ní, “Èmi ni mo gbé e kúrò lórí iná.”

Táyé ní, “Mo mọ̀.”

Ìyá Ìbejì, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ mẹ́ta, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Wọ́n gé ìyókù fún àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá náà, Ìdòwú sì gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí Ìyá Àgbà ti ń pín in, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Obìnrin náà ní ibà ló gbé àwọn wá. Ìyá Àgbà kò kúrò níbẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ọmọ náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì wú, wọ́n ń dán.

Ó fi àwo sílẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Ó ní, “Ọmọ mi, nígbà tí dókítà bá dé, fi ọwọ́ yìí hàn án. Sọ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Má lọ sílé láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.” Obìnrin náà béèrè pé kí ni ó fà á. Ìyá Àgbà pe Ìyá Ìbejì kó wá ṣàlàyé, nítorí òun ló mọ orúkọ àìsàn náà lédè Faransé.

Táyé padà sílé ní ọjọ́ 30. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn gòkè, wọ́n tún dá iná fún ọdún tuntun. Táyé fọ́ ẹyin mẹ́ta péré, ó sì wọlé lọ sùn. Kẹ́yìndé yí agolo láàárín. Ṣúgà tí Ìyá Àgbà fi sí i pọ̀ débi pé Ìyá Ìbejì figbe ta, àwo márùn-ún sì jáde lọ sí òdìkejì títì.

Ọ̀rọ̀ láti mọ̀ ní èdè méjèèjì
dòjé: la faucille
iṣan ẹ̀jẹ̀: le vaisseau sanguin
ẹ̀dọ̀fóró: le poumon
ẹyín iná: la braise
ọyẹ́: l’harmattan

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ iyanrìn nínú ìkòkò Ìyá Àgbà? Kí ni iṣẹ́ ẹyín iná tó wà lórí ìdérí?
2. Kí ló dé tí ọyẹ́ fi léwu fún Táyé ju fún Kẹ́yìndé lọ?
3. Ya ọ̀nà mẹ́rin tí ìpín baba àti ìyá tí wọ́n jẹ́ AS lè gbà pàdé. Fi ibi tí Táyé wà àti ibi tí Kẹ́yìndé wà hàn.
4. Ìyá Ìbejì tọ́jú ìrora apá Táyé nílé. Kí ló rí tó fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?
5. Kí ló mú kí Ìyá Àgbà dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó gbé ọmọ ọwọ́?
6. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé yín bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ọdún kan. Kọ ọ́ ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, kí o sì sọ ọ́ lédè Faransé fún kíláàsì.